Ta Ló Pa Iná Ọkọ̀ Màmá Leah?

Ewé ló dá Ràmọ́tà dúró. Ó ti ń padà lọ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, Sájẹ́ntì Olúwaṣògo tilẹ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ dè é, kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sórí ẹ̀ka igi kan létí ọ̀dà. Ẹ̀ka mìíràn wà níwájú díẹ̀. Òmíràn tún wà lọ́hùn-ún níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, wọ́n gbé òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

"Màdáámù, ewé lásán mà ni," ni Olúwaṣògo kígbe láti ojú fèrèsé. "Ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n já ewé sẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí i. Ta ni kò mọ ìyẹn?"

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń rú mi lójú gan-an nìyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ka náà, ó jù ú sínú ọ̀rá. Ewé náà kò fẹ̀ bí ewé tí èèyàn mọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó ń mì jọ̀jọ̀ bí irun. Ràmọ́tà gbójú sókè wo igbó tó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Koríko gíga ni, àti igi irúgbá kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti jí Màmá Leah Akínpẹ̀lú gbé lọ́sàn-án àná, bó ti ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, àgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n dé ayé. Àrùn àtọ̀gbẹ ń bá a fínra, abẹ́rẹ́ ló sì fi ń gbé e ró láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Lórí àga ọkọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti bá àpò abẹ́rẹ́ náà. Màmá ti sùn mọ́jú láìgba ti alẹ́. Ilẹ̀ ti mọ́, kò tún gba ti àárọ̀. Àwọn ajínigbé kò sì tíì pe ẹnikẹ́ni.

"Ajínigbé tí kì í pè," ni Ràmọ́tà wí bó ti ń wọ ọkọ̀. "O ti rí irú rẹ̀ rí?"

"Wọ́n ṣì máa pè. Ọwọ́ wa ṣáà ti tẹ rewáyà tó ba ọkọ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ìyà díẹ̀ sí i, á sọ ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà."

Fóònù Ràmọ́tà dún kó tó lè dáhùn. Olúwatómisìn, ọmọ Màmá, ni. Láti ìdájí ló ti jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá nítòsí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, kúlà kékeré tó kó abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ sí wà lórí itan rẹ̀.

"Àǹtí, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, Màmá lè má dá èèyàn mọ̀ mọ́." Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ kọjá ẹkún. "Lẹ́yìn ìyẹn, oorun ló kù. Kì í ṣe oorun tí èèyàn ń jí nínú rẹ̀."

"À ń bọ̀," ni Ràmọ́tà wí, ó sì ṣẹ́jú sí Olúwaṣògo pé kó sáré.

*

Rewáyà ni a ń pe ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mubaraq ni orúkọ èyí tó wà látìmọ́lé, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lọ gbé e. Ètè rẹ̀ ti wú.

"Ta ló nà án?" ni Ràmọ́tà bi Sájẹ́ntì.

"Ó ṣubú, Màdáámù."

"Ṣé orí ọwọ́ rẹ ló ṣubú lé?"

Olúwaṣògo wo àjà. Ràmọ́tà fa àga kan, ó jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Sọ ohun tó o ṣe sí ọkọ̀ yẹn fún mi."

"Ọ̀gá, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi rí báyìí."

"Èmi ò tíì gbọ́ ọ."

Mubaraq mí kanlẹ̀. "Ọkọ̀ àgbà ni, ọkọ Màmá tó ti kú ló rà á. Bọ̀dá Mátíù, awakọ̀ wọn, ló gbé e wá. Ó ní bí àwọn bá tan iná iwájú, ńṣe ló ń ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo fẹ́ẹ́ tán nínú rẹ̀, pé títì làwọn ń tì í láràárọ̀ kó tó jí. Mo yẹ bátìrì wò. Bátìrì ò jẹ̀bi. Àtánétọ̀ ló ti kú."

"Ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyàwó tuntun tí kò wọ mọ́tò rí."

Mubaraq fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ kò jẹ́. "Bátìrì dà bí ìkòkò omi, Ọ̀gá. Àtánétọ̀ lẹni tó ń pọnmi sínú rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí. Tí ẹni tó ń pọnmi bá kú, ọkọ̀ á ṣì máa rìn, á máa bu èyí tó wà nílẹ̀ mu. Ìgbà tí ìkòkò bá gbẹ ló máa dákẹ́. Mo yọ àtánétọ̀ tó kú, mo fi tòkunbọ̀ kan rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Mo rí i pé nǹkan kan ṣì ń jẹ iná tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Mo wá ń yọ fíúsì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tọ wáyà lẹ́sẹẹsẹ títí mo fi dé ẹ̀yìn. Wáyà kan ló bó lábẹ́ búùtù tó ń kan irin. Mo wé e."

"O wá dán an wò?"

"Mo yọ orí bátìrì lójú Bọ̀dá Mátíù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ò kú. Ó tẹ̀ mí léjìká, ó ní, 'Ìwọ rewáyà yìí, àjẹ́ ni ẹ́!'"

"Àjẹ́ náà ni," ni Olúwaṣògo já lu ọ̀rọ̀. "Wáyà àtánétọ̀ la bá ní yíyọ! O ò dè é le, kó lè yọ lójú ọ̀nà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ lúgọ sí."

"Nọ́ọ̀tì ni mo fi dè é. Ẹ ṣáà pa mí kó tán."

Ràmọ́tà di ojú. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ fún un, kì í kọ́kọ́ wá irọ́ inú rẹ̀. Ńṣe ló máa ń gbà pé òótọ́ ni, á sì tẹ̀ lé òótọ́ náà bí ẹni tọ ọ̀nà oko, títí yóò fi já síbi tí ọ̀nà ti tán. Ó tẹ̀ lé ti Sájẹ́ntì báyìí.

"Ká gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mubaraq, tí wáyà yìí bá yọ kété tí wọ́n kúrò ní Ọ̀yọ́, ibo ni ọkọ̀ náà á kú sí?"

"Ta ló lè mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá? Ó lè má jáde ní Ọ̀yọ́. Ó sì lè dé Ògbómọ̀ṣọ́ kó tún lọ ra búrẹ́dì. Ó dọwọ́ bí bátìrì bá ṣe yó tó, àti bóyá wọ́n tan iná."

"Sájẹ́ntì, o gbọ́? Kò sí ẹni tó lè lúgọ de ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó máa kú sí."

"Wọ́n lè máa tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn."

Ràmọ́tà la ojú. Èsì náà dára, kò sì fi ìyẹn pamọ́. "Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ yọjú wo ìkòkò omi."

*

Ọkọ̀ Màmá wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn àgọ́. Oòrùn ti ga. Ràmọ́tà yẹra fún ìjókòó tí Tómisìn wà, nítorí kò tíì ní ohun tó máa wí fún un.

"Ta ló ti dán ọkọ̀ yìí wò láti àná?"

"Kò sẹ́ni," ni Olúwaṣògo wí. "Okùn la fi wọ́ ọ débí. Awakọ̀ ní iná ti kú pátápátá, kò lè dún pínpín."

Ràmọ́tà na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé, ó tẹ fèrè ọkọ̀. Fèrè náà han gooro. Ọlọ́pàá tó ń tòògbé lẹ́nu géètì fò dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀ kiri.

"Ó ti sinmi mọ́jú ni," ni Olúwaṣògo wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bátìrì tó bá sinmi, agbára díẹ̀ lè padà sí i."

Mubaraq mi orí. "Díẹ̀ yẹn lè tó fún fèrè. Kò lè tó láti jí ẹ́ńjìnnì."

"Ṣí i wò."

Mubaraq wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Iná pupa kékeré kan pọ́n níwájú rẹ̀, èyí tó máa ń sọ fún awakọ̀ pé àtánétọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó yí i tán. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì jí.

Olúwaṣògo sún mọ́ ọn.

"Ìkòkò kún," ni Ràmọ́tà wí. "Ọkọ̀ yìí kò kú. Ẹnì kan ló pa á. Bí wáyà bá ti yọ nígbà tí wọ́n ṣì ń rìn, iná pupa yẹn ì bá ti máa pọ́n lójú awakọ̀. Ó sì ti sọ fún wa lánàá pé òun ò rí àmì kankan. Pa á, Mubaraq. Níbo ni nọ́ọ̀tì wáyà náà wà?"

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mubaraq bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nísàlẹ̀, lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí nǹkan máa ń já bọ́ sí. Ràmọ́tà ló rí i. Ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí bátìrì, ó tẹ́jú, bí ẹni tó gbé bọ́tìnnì sórí tábìlì.

"Wò ó dáadáa, Sájẹ́ntì. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú gbogbo kòtò rẹ̀. Nọ́ọ̀tì wo ló máa tú fúnra rẹ̀ tó máa wá jókòó síbí? Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti dúró ni wọ́n tú u. Ẹni tó tú u kò sì lè ju nọ́ọ̀tì nù. Kò sí lára rẹ̀. Ọkọ̀ yìí wù ú."

Olúwaṣògo gbé ọwọ́ sórí. Ó wo yàrá tí Mátíù wà. Láti àná ni gbogbo àgọ́ ti ń ṣìkẹ́ awakọ̀ náà bí ẹni tó jàjàbọ́ lẹ́nu ẹkùn.

"Ṣí búùtù kó o tó wá bá mi," ni Ràmọ́tà wí.

*

"Ẹ kú ewu, Bọ̀dá Mátíù."

"Ewu iná kì í pa àwòdì, Màdáámù. Ọlọ́run ló yọ mí." Ọkùnrin tó ti dàgbà díẹ̀ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ìgò ohun mímu kan wà níwájú rẹ̀. "Ẹ ò tíì rí Màmá?"

"A ò tíì rí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi ní ṣókí."

"Ọkọ̀ dákẹ́ lójijì. Kí n tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n ti yọ sí wa nínú igbó pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n fa Màmá jáde. Mo sá wọgbó. Ilé àwọn alágbàṣe kan ni mo bá ara mi."

"Ẹ ò ráyè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò?"

"Àyè wo? Ìbọn mà ni, Màdáámù!"

"Ẹ kú orí ire." Olúwaṣògo ti wọlé báyìí, ó fara ti ògiri. Ràmọ́tà na ìka sí i. "Ẹ má dá ọmọkùnrin yìí lóhùn o. Láti àárọ̀ ló ti ń bú àwọn awakọ̀ àtijọ́. Ó ní ẹ ju ewé sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni da ìdọ̀tí nù, pé orí ló kó yín yọ tí tírélà ò fi gbá ọkọ̀ náà."

Sájẹ́ntì la ẹnu, ó pa á dé.

Ojú Mátíù yí padà. "Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ Sájẹ́ntì, ọkọ̀ wo lo ti wà rí? Ibi mẹ́ta ni mo tò ó sí! Èyí tó jìnnà jù, ẹnu kọ́rọ́ yẹn ni mo gbé e sí, mo tún gbé òkúta lé e. Àtìgbà tí mo ti ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó gbá mi látẹ̀yìn rí. Lọ bèèrè mi ní gáréèjì, ọmọ àná!"

Ìgbà náà ni ohun tó sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

Fáànù àjà ń ké fín-ín fín-ín. Ràmọ́tà gbé ọ̀rá ewé náà sórí tábìlì.

"Nígbà wo lẹ tò ó, Bọ̀dá? Ṣé kí wọ́n tó yọ ìbọn ni, àbí lẹ́yìn tí ẹ ti sá wọgbó?"

"Mo padà wá."

"Ká gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ padà wá, ẹ já ewé. Níbo lẹ ti já a?"

"Inú igbó ibẹ̀ náà ni."

"Mo ti wo igbó ibẹ̀. Irú ewé yìí kò sí níbẹ̀. Sájẹ́ntì, kí lo rí nínú búùtù?"

"Irun ewé náà ló kún orí kápẹ́ẹ̀tì, Màdáámù."

"Láti Ọ̀yọ́ lẹ ti ru ewé bọ̀, Bọ̀dá Mátíù. Ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ máa bàjẹ́ sí kó tó bàjẹ́. Ẹ pa á, ẹ to ewé, ẹ sì tú wáyà kí ẹ̀bi lè bọ́ sórí rewáyà."

Mátíù kó ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Ó kó o sábẹ́ itan. "Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan Màmá. Wọ́n ní kí Màmá ṣáà má wà ní kóòtù lọ́la. Tí kóòtù bá ti jókòó tán, wọ́n á dá Màmá padà sílé ní wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Ta ni wọ́n?"

"Babátúndé. Àbúrò ọkọ Màmá. Ó ti ta ilẹ̀ ẹbí, Màmá nìkan ló kù tó mọ ibi tí ààlà wà. Ó ní òun á fún mi ní ọkọ̀ yìí, Màdáámù. Pé lẹ́yìn ẹjọ́, á di tèmi."

"Ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ń gbé Màmá ró?"

"Àpò rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo sọ fún wọn, mo ní, ẹ má gbàgbé àpò dúdú yẹn o..."

"Àpò náà wà lórí àga nígbà tí a débẹ̀."

Ariwo tó jáde lẹ́nu awakọ̀ náà kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó dìde, ó tún jókòó, ó di Ràmọ́tà lápá. "Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé wọn lọ! Mo fi Ọlọ́run búra, wọn ò sọ ọ́ fún mi! Ẹ pe Babátúndé!"

Olúwaṣògo ti ń pè é. Ó gbé fóònù kúrò létí, ó mi orí. Babátúndé ti pa fóònù rẹ̀.

"Ewé yìí," ni Ràmọ́tà wí wéréwéré. "Ta ló já a?"

"Àwọn ọmọ Babátúndé. Mo ní ibi tí wọ́n yàn yẹn, ewé gidi ò sí níbẹ̀, mi ò lè dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà láìsí ewé. Wọ́n ní ti èmi àti ewé ti pọ̀ jù. Láàárọ̀ àná ni wọ́n kó o wá bá mi ní Ọ̀yọ́, ó ṣì tutù."

Ràmọ́tà ti dé ẹnu ọ̀nà. "Sájẹ́ntì, ti ọkùnrin yìí mọ́lé. Tú Mubaraq sílẹ̀, kó o sì bẹ̀ ẹ́. Bẹ̀ ẹ́ dáadáa."

*

Tómisìn dìde bó ti rí i. Ràmọ́tà na ọ̀rá náà sí i, kò kí i.

"Wò ó. Níbo lo ti rí igi tó ní irú ewé yìí?"

Tómisìn fi ìka rin ín. "Igi páìnì ni. Èyí tó máa ń súfèé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ó wà láwọn ọgbà ìjọ."

"Ibi tí èèyàn pọ̀ sí?"

"Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ dáadáa."

"Kò lè jẹ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé èèyàn pamọ́ sáàárín èrò. Ibòmíràn ńkọ́? Ibi tó dá."

Tómisìn gbójú sókè lójijì. "Ìkòyí-Ilé. Òyìnbó kan kọ́ ilé síbẹ̀ láyé ọjọ́un, ó gbin igi yìí yí i ká. Kò sẹ́ni nínú ilé náà mọ́. Àǹtí, inú ilẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ lọ kóòtù gan-an ló wà."

Ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì ni wọ́n kó, Olúwaṣògo ló wa ti iwájú, ó sì ń wà á bí ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀bẹ̀. Tómisìn gbá kúlà náà mọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n yà sínú ọ̀nà oko, Ràmọ́tà sọ gíláàsì kalẹ̀. Ó gbọ́ ọ kó tó rí i: ìfé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lókè, tí kì í ṣe ti ẹyẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló fò láti ẹ̀yìn ilé. Àwọn ọlọ́pàá lé wọn wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Babátúndé kò sá. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ó ń wí ṣáá pé, "Mo ní kí wọ́n fún Màmá ní ẹ̀kọ, wọn ò jẹ ẹ́. Wọn ò jẹ ẹ́." Ràmọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Inú yàrá náà ṣókùnkùn. Orí ẹní ni Màmá Leah wà, wọ́n fi gèlè rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún un. Ó ń mí kíkankíkan bí ẹni tó sáré. Èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù.

"Màmá! Màmá mi!" Tómisìn wólẹ̀. Ó ṣí kúlà, ohun inú rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó ṣa abẹ́rẹ́ kan, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un mú, ó ń fa oògùn sínú rẹ̀ tìkánjú-tìkánjú. Ojú Màmá pa dé. Ràmọ́tà kúnlẹ̀ lápá kejì, ó di ọwọ́ ìyá náà mú. Ó gbẹ, ó gbóná. Ràmọ́tà ń dúró kí ìka náà mì. Kò mì.

Tómisìn gbé apá ìyá rẹ̀ sókè, ó sì na abẹ́rẹ́ sí i.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Ohùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wo ara wọn. Màmá kò la ojú.

"Ṣé o ti yẹ ṣúgà wò? Báwo lo ṣe mọ iye oògùn tó o fẹ́ gún mi?" Ó mí, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ọwọ́ yẹn. Inú mọ́tò lo ti ń bọ̀. O fọ̀ ọ́?"

"Rárá, Màmá," ni Tómisìn wí. Omijé ti bo gbogbo ojú rẹ̀ báyìí.

"Lọ fọwọ́."

Omi inú ọ̀rá kan wà lápò Ràmọ́tà. Ó fi eyín já etí rẹ̀, ó sì dà á sọ́wọ́ Tómisìn méjèèjì.